Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe èésú: ìdáhùn lórí adójútòfò ìlera, àáfà àti wòlíì

Ẹ ní àáfà àdúgbò yín sọ pé ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba kò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́. Wòlíì tó wà ní òpópónà kejì ní ẹni tó bá ń sanwó de àìsàn ló ń fẹnu ara rẹ̀ pè é wá. Ìjọba ní dandan ni fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àdúgbò, tẹ́ ẹ ti dá owó díẹ̀ jọ fún àwọn aláìní, ẹ kò wá mọ ẹni tẹ́ ẹ máa gbọ́. Bí nǹkan ṣe ń lọ ní kọ̀ǹtà ọsibítù ni mo máa sọ, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń jiyàn rẹ̀ lórí rédíò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òfin, torí ibẹ̀ ni àhesọ pọ̀ sí jù. Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999, láyé ológun, ṣùgbọ́n 2005 ni ìjọba Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí wọ́n fi dandan mú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2022 ni Bùhárí fọwọ́ sí òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà àti àlejò tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin. Ṣùgbọ́n dandan inú ìwé, ọ̀tọ̀. Dandan ọjà, ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù, wọ́n lè yọ tirẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ló fẹ́ yọ ti ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà, tàbí ti ọlọ́kadà ní Ìsẹ́yìn? Ibi tó ti ń múná díẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́: láti 2025, ìjọba àpapọ̀ ti ní iléeṣẹ́ tó bá ń wá iṣẹ́ àgbàṣe lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí NHIA wá. Kò sí ọlọ́pàá tó máa wá mú yín nílé torí káàdì. Ẹni tó bá ní wọ́n ń bọ̀ wá mú yín, owó yín ló fẹ́ gbà.

Òfin míì tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ni òfin ìlera 2014. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% nínú owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé, kí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì lọ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nípasẹ̀ adójútòfò. 2018 ni wọ́n tó fi owó náà sínú ìwé ìṣúná fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní Àbújá fúnra rẹ̀, ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn á máa ná 15% ìṣúná lórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó dá gbogbo ẹ̀bi lé àáfà àti wòlíì lórí.

Ọ̀rọ̀ àáfà yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè, ẹ má dá a lóhùn bí ẹni ń bá òpè sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ń tọ́ka sí nínú ìnṣọ́ránsì: gharar, òwò tí ẹni tó ń sanwó kò ti mọ ohun tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́, maysir, ìyẹn tẹ́tẹ́, àti ribá, ìyẹn èlé, torí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń fi owó oníbàárà ṣòwò tó ń mú èlé wá. Ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó wà ní Jeddah jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí lórí ní 1985, wọ́n sì pín in sí méjì. Ti òwò, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ti onílé-iṣẹ́, wọn kò gbà á. Èyí tí àwọn ènìyàn pawọ́ pọ̀ dá láti gbé ara wọn ró, wọ́n gbà á. Irú kejì yìí ni wọ́n ń pè ní takaful, NAICOM, àjọ tó ń mójú tó iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, sì ti ṣe ìlànà rẹ̀ fún Nàìjíríà láti 2013. Nítorí náà, ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ bá àáfà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: owó tí àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà, tí ẹnikẹ́ni kò pín èrè rẹ̀, èwo ló bọ́ sí nínú méjèèjì? Ibi tí ẹsẹ̀ àáfà ti lè dúró dáadáa ni ọ̀rọ̀ HMO, àwọn tó ń bá ètò náà di owó mú tí wọ́n sì ń san án fún ọsibítù, torí iléeṣẹ́ aládàáni tó ń wá èrè ni wọ́n. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wádìí bóyá àjọ ìpínlẹ̀ yín ló ń di owó mú fúnra rẹ̀ tàbí ó gbé e fún HMO. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àáfà á já yín ní koro.

Ti wòlíì ní ìtàn gígùn, ilẹ̀ wa níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àdúrà nìkan ni àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà Precious Stone ní Ìjẹ̀bú-Òde gbára lé. Ní 1930, ìsọjí wòlíì Joseph Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, tòun ti omi àdúrà. Nígbà tó sì hàn pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí àwọn aládùúrà pè wá láti Britain ń lo kuiníìnì sí ibà, ọ̀rọ̀ oògùn yẹn wà lára ohun tó pín ìjọ níyà tí ìjọ CAC fi dá dúró ní 1941. Kuiníìnì o! Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, oníjọ ló kọ́ ọsibítù fún wa: Àgùdà ló dá Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895, Onítẹ̀bọmi sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Ẹni tó bá ní "ẹ̀sìn Kristi kò gba èyí", ẹ bi í pé ti ìjọ wo.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ jiyàn ìtàn pẹ̀lú wòlíì, kò níye lórí. Aboyún tó bá ní ilé àgbẹ̀bí wòlíì lòun ti máa bí, ẹ má bá a jà. Ẹ gba káàdì fún un, kẹ́ ẹ sì yan ọsibítù tó súnmọ́ ilé àgbẹ̀bí náà jù lọ, kì í ṣe èyí tó súnmọ́ ilé rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lóru, wòlíì tó mọ̀ pé owó kò ní dá aláboyún dúró ní géètì máa ń tètè jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbàgbọ́ líle, ìbẹ̀rù gbèsè ọsibítù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ohun tó ń lé ènìyàn sá fún ètò yìí kì í ṣe Kùránì, kì í ṣe Bíbélì. Èésú ni. Yorùbá mọ èésú dunjú: ohun tó o dá lo máa kó. Nítorí náà, tí ọdún bá yí po tí ara ẹni yá, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde ni "owó mi dà?" Ètò yìí kò jọ èésú rárá, ọ̀wẹ̀ ló jọ. Nígbà tí ìjì bá ká òrùlé ẹnì kan, gbogbo ènìyàn á jáde bá a kan án, kò sì sí ẹni tó máa sùn kó máa gbàdúrà pé kí ìjì ká tòun náà kí òun lè gba ìpín tòun. Ọ̀rọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nínú ìpàdé, kẹ́ ẹ tó dárúkọ NHIA rárá.

Ẹ bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú. Ká fi ₦15,000 lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ. Igba ènìyàn dá ₦3,000,000. Tí mẹ́jọ nínú wọn bá bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦250,000, ₦2,000,000 lọ nìyẹn, ó ku ₦1,000,000 fún ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn yòókù. Ó há, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Ẹ wá wò ó tó bá jẹ́ àwọn aláìsàn àti aboyún ogójì nìkan lẹ kó jọ: ₦600,000 péré, iṣẹ́ abẹ mẹ́ta ti jẹ ẹ́ tán, ó sì jẹ gbèsè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ètò kan fi ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dúró fún àkókò kan kó tó lè lo káàdì fún ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ. Àṣìṣe tí ìgbìmọ̀ àdúgbò máa ń ṣe jù nìyí. Àánú ń ṣe wọ́n, wọ́n á mú orúkọ àwọn tó ti ń ṣàìsàn nìkan lọ, káàdì kò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbà pé jìbìtì ni. Agboolé ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ: bàbá, ìyá, ọmọ, àti aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le.

Orúkọ gan-an ni wàhálà kejì. NIN ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, bí orúkọ bá sì ṣe wà nínú NIN ni kó wà níbẹ̀. Ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Ṣàkírà, Risikat ló wà nínú NIN rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kọ orúkọ tirẹ̀ fún un lórí fọ́ọ̀mù. Kọ̀ǹpútà á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ẹ̀dà NIN, ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó sanwó. Owó náà, inú àpò àjọ ni kó lọ tààrà, pẹ̀lú rìsíìtì tó ní nọ́ńbà olúkúlùkù. Ẹ má san án sọ́wọ́ aṣojú, bó ti wù kó mọ yín tó.

Kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ọsibítù kan fún igba ènìyàn, ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Ṣé dókítà wà? Ṣé ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣí? Ṣé ẹni tó ń ta oògùn wà lẹ́nu iṣẹ́? Ọsibítù kan ṣoṣo ni wọ́n ń so mọ́ orúkọ ènìyàn fún ìtọ́jú àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tó bá wù yín lẹ máa rí i pààrọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé káàdì lọ tí nọ́ọ̀sì ní "kò sí oògùn", ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Fún ìtọ́jú kékeré, iye kan ni ọsibítù ń gbà lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni náà ìbáà wá, kó má sì wá. Lábẹ́ ètò àpapọ̀, ₦750 ni iye yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2025 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450. Ẹ wo iye tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń jẹ lọ́jà, ẹ ó rí i pé gbogbo ẹni tó bá wá ń dín owó ọsibítù kù. Kì í ṣe àwáwí fún ẹnikẹ́ni o, àmọ́ ibi tí ìwà yẹn ti ń wá nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ra oògùn níta, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí, ẹ pa rìsíìtì mọ́, kẹ́ ẹ sì pe nọ́ńbà ẹ̀sùn àjọ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀sùn tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí pé lábẹ́ ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń san 10% owó oògùn; ìyẹn kì í ṣe jìbìtì.

Iṣẹ́ ńlá, bíi iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà míì ni. Ọsibítù àkọ́kọ́ á kọ ìwé, wọ́n á gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, kí ọsibítù ńlá tó gbà yín. Ẹni tó bá fò kọjá lọ sí ọsibítù ńlá láìsí kóòdù, àpò ara rẹ̀ ló máa fi sanwó, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ètò náà kò ṣiṣẹ́. Láti 2025, NHIA ti pàṣẹ pé HMO kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ kó tó fún ni ní kóòdù. Ẹ kọ aago tí wọ́n béèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ti pàjáwìrì yàtọ̀: òfin 2014 yẹn kan náà ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu, fún ìdí kankan, ìyà rẹ̀ ni ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ó yẹ kí olùdarí ilé àgbẹ̀bí mọ gbólóhùn yẹn sórí.

Ní ti owó tẹ́ ẹ dá jọ, ṣé ẹ lè fi sàká san án fún aláìní? Àwọn àáfà kan gbà pé sàká gbọ́dọ̀ di ohun ìní aláìní náà kó tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí kò ní í fa àríyànjiyàn ni pé kẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́ kí òun fúnra rẹ̀ san án, tàbí kẹ́ ẹ lo sàárà dípò rẹ̀. Ti àwọn oníjọ rọrùn, owó ìkórè ló dára jù, torí ọdọọdún ni káàdì ń kú. Ẹ so ìsanwó mọ́ oṣù kan náà lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì san án nígbà tó bá ku oṣù kan kó parí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi kọjá, ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan máa ń dákú.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan o, ẹ kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù yín lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà lára àwọn tó ń gba owó 1% yẹn, àti bóyá àyè ṣì wà nínú ìwé ọ̀fẹ́ fún aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aláìní. Àwọn tẹ́ ẹ bá rí fi síbẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tẹ́ ẹ máa sanwó fún. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń mójú tó ìwé náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà lọ wò ó lóṣù tó ń bọ̀ bóyá orúkọ àwọn ènìyàn yín ti wọlé.