Ẹ Bi Ìyá Eléré: Ṣé A Lè Ti Máa Yọ̀ Lóṣù Kẹta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Seattle, òun ló kó mi wọ béèsìbọ́ọ̀lù, Mariners, ẹgbẹ́ ìlú yẹn, la sì jọ ń tì lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti gbá eré ìgbáradì méjì tí wọ́n borí, inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Odógunyán ní mo kàn ń yọ ayọ̀ asán ni, pé eré ìgbáradì ò já mọ́ nǹkan kan. Mo ní ọjọ́ tó máa dára, àárọ̀ la ti ń mọ̀ ọ́n. Ta ló jàre nínú wa?
— Ọmọ Mariners, Odógunyán

Ọmọ mi, Mariners lèmi náà ń tì lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ilé wa la jọ fẹ́ sọ yìí. Ní ti èsì eré, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre. Má jẹ́ kó dùn ọ́, mo ṣì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ.

Láàárín oṣù kejì ni àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń hán an máa ń kọ́kọ́ dé ibùdó ìgbáradì, àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì àgbà wọn: 15 ń lọ sí Florida, 15 ń lọ sí Arizona, torí òtútù ṣì ń mú ní Seattle, Chicago àti New York lásìkò yẹn. Peoria ní Arizona ni tiwa, àwa àti San Diego Padres la sì jọ ń lo ibẹ̀. Gbogbo eré tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ títí di apá ìparí oṣù kẹta, ìkankan kì í wọ inú ìṣirò eré 162 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbá lọ́dún. Kódà wọ́n lè ta ọ̀mì kí oníkálùkù máa lọ sílé, ohun tí wọn kì í gbà tí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ajubọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ lè wá síbẹ̀ pẹ̀lú irú ìjù tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kó sì máa ju òun nìkan ṣáá. Wọ́n lè lù ú fọ́, kó máa rẹ́rìn-ín kúrò lórí pápá, torí ohun tó wá dán wò ti ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe àmì ọdún, ó ti ka ohun tí kò sí nínú ìwé.

Òwe tí o pa yẹn ò bá eré yìí mu. Lọ́dún 2019, nínú eré 50 àkọ́kọ́ tí Washington Nationals gbá, 19 péré ni wọ́n rí mú. Àwọn èèyàn ti ń pariwo pé kí wọ́n lé kọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tó fi máa di òpin oṣù kẹwàá, àwọn ló gbé ife World Series, ìyẹn ìdíje àṣekágbá líìgì náà. Àwa ńkọ́? Lọ́dún 2001, Mariners borí nínú eré 116, kò sí ẹgbẹ́ tó ju ìyẹn lọ nínú ìtàn líìgì náà, Chicago Cubs ti ọdún 1906 nìkan ló bá wa dọ́gba. Àárọ̀ wo ló tún lè dára jùyẹn lọ? Síbẹ̀ New York Yankees dá wa dúró lójú ọ̀nà, a ò dé ìdíje àṣekágbá. Láti ọdún 1977 tí wọ́n ti dá wa sílẹ̀, nínú gbogbo ẹgbẹ́ 30, àwa nìkan ni kò tíì dé World Series rí.

Ìwọ náà á ti mọ ti ọdún 2025. Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ní Toronto, eré keje tí í ṣe èyí tó kẹ́yìn ní ìpele tó ṣáájú World Series, a ń fi 3 sí 1 ṣíwájú. Nílé wa níbí, ilẹ̀ ò tíì mọ́. George Springer ti Toronto Blue Jays na igi sí bọ́ọ̀lù kan ní ìpín keje nínú mẹ́sàn-án, ó sọdá odi, èèyàn mẹ́ta wọlé. Bí eré ṣe parí sí 4 sí 3 nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀, mi ò lè dìde. Ọdún tí Cal Raleigh wa gbá home run 60, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó sọdá odi, nìyẹn o, ọmọkùnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ híhán bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù lálaalẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kí o yọ̀ náà nìyí, àmọ́ kí o mọ ohun tí ò ń yọ̀ sí. Má wo iye tí wọ́n fi borí. Àwọn èèyàn ni kí o wò. Tó bá ti di aago kan ọ̀sán ní Arizona, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ní Ìkòròdú, èmi á ti fi fóònù mi ti agolo mílíìkì lórí tábìlì. Ní ìpín kẹfà, àwọn gbajúmọ̀ ti wẹ̀, wọ́n ti wọ ọkọ̀ wọn lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n pè wá dán wò ló kù: nọ́ńbà 87, nọ́ńbà 93, ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní orúkọ lẹ́yìn aṣọ. Wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ wá lu bọ́ọ̀lù. Á fi bàtà wa yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, á tú okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á tún un so, á wo ọ̀dọ̀ kọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù kan tó dà bíi pé ó ń bọ̀ tààrà, tó wá rì sílẹ̀ lójijì. Apá rẹ̀ á gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní nà án. Ibẹ̀ lèmi máa ń pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi, torí ẹni tó lè fi irú bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń là. Ààyè 26 péré ló wà nínú ẹgbẹ́ àgbà, ọmọ yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibùdó yìí kan náà ni Ichiro Suzuki ti Japan dé lọ́dún 2001. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó ń lù, apá òsì ló ń lọ, ọkàn kọ́ọ̀ṣì Lou Piniella ò balẹ̀ mọ́, ó bi í bóyá ó tilẹ̀ lè lù ú sápá ọ̀tún. Ichiro lù ú sápá ọ̀tún, ó sọdá odi. Lọ́dún yẹn gan-an ló gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dáa jù àti ti ẹni tó wúlò jù pa pọ̀. Ibẹ̀ náà ni Julio Rodríguez ti já ààyè tirẹ̀ gbà lọ́dún 2022, ọmọ ọdún 21, kò tíì gbá líìgì àgbà rí. Ọdún náà la padà dé ìdíje ìparí ọdún, èyí tí a ti ń retí láti 2001. Nítorí náà ìrètí tó ń ti ibùdó yẹn jáde kì í ṣe asán. Ó kàn jẹ́ pé ara èèyàn ló wà, kò sí lára èsì.

Bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí ló ń gbé wọn dé ibi ìwòran lóṣù keje, nígbà tí Arsenal àti Chelsea bá ń gbá eré ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Bi wọ́n bóyá wọn ò retí ohunkóhun nígbà tí Ikorodu City wọ líìgì àgbà ilẹ̀ wa lọ́dún 2024. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́, láti Sábó dé Àgíríìkì, kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù ẹyọ kan.

Ìyá Eléré, ọmọ mi wà ní Chicago, White Sox ló ń tì lẹ́yìn. Ó ní eré 121 ni wọ́n pàdánù lọ́dún 2024. Síbẹ̀, tí oṣù kejì bá ti dé, á pè mí pé ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀, pé nǹkan á yí padà. Ṣé kí n máa bá a rẹ́rìn-ín ni àbí kí n gbà á nímọ̀ràn?
— Bàbá kan ní Ìgbógbò

Ẹ bá a rẹ́rìn-ín, sà, kí ẹ sì máa gbé ìpè rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí ẹgbẹ́ tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1901 wá. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: ibùdó kan náà ní Glendale, Arizona, ni White Sox àti Los Angeles Dodgers jọ ń lò. Lóṣù kejì ọdún 2024 yẹn, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Nígbà tí ọdún máa fi parí, àwọn kan gba ife, àwọn kejì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ yín kò lè mọ̀ lóṣù kejì, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ò mọ̀. White Sox yìí náà ti gba ife lọ́dún 2005, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró láti 1917. Àwọn bàbá kan wà ní Chicago tí wọ́n kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló rí i. Mi ò rò pé ìmọ̀ràn ni ọmọ yín nílò. Bàbá tó máa bi í pé "ta ni wọ́n mú wá lọ́dún yìí?" ló nílò.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Olùkọ́ ni mí ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà kankan ti dé líìgì àgbà béèsìbọ́ọ̀lù rí, àti aago wo ni wọ́n lè wo eré ìgbáradì láìba oorun wọn jẹ́.

Ó ti wà, Tíṣà. Gift Ngoepe ni orúkọ rẹ̀, ọmọ South Africa. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù kan ní Randburg, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé, ẹ̀gbẹ́ pápá gan-an. Ó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Pittsburgh Pirates lọ́dún 2008. Ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2017 ló tó wọ líìgì àgbà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, kí wọ́n rí iye ọdún tó fi ń wọ ibùdó tí orúkọ rẹ̀ kò jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó na igi, Jon Lester ti Cubs ló ju bọ́ọ̀lù sí i, ó sì lù ú dáadáa, ó dé ibùsọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tún sọ fún wọn pé wọ́n gbá eré yìí nínú Eré Gbogbo Áfíríkà tí a gbà lálejò ní Abuja lọ́dún 2003, kí wọ́n má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ló wà.

Ní ti aago, ti Florida ni kí wọ́n máa wò. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́hùn-ún, aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni níbí. Láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta tí wọ́n bá ti yí aago wọn padà, á di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Arizona kì í yí tirẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán.