Èsì: Ohun tó ń mú kí kànga gbẹ ní Kubwa, l'Abuja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ojú ọjọ́ tó ń yí padà nìkan ló ń gbẹ kànga wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Rárá o, kò dá a ṣe. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Abuja wà, ibi tí àpáta bá sì ti là tàbí tó ti jẹrà ni omi ti ń rí ààyè dúró sí. Bí ooru bá fi díígírì Celsius 1 lé sí i, afẹ́fẹ́ lè gba omi tó tó ìdá 7 nínú 100 sí i, èyí tó ń mú kí òjò máa ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàlá tí a sì ti fi sìmẹ́ńtì bò kò lè mu ún, ó kàn ń ṣàn lọ láì wọ ilẹ̀ dé inú kànga. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹni tó lówó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ jinlẹ̀ sí i, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń dúró de mairúwà, ẹni tó ń ta omi kiri, àti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ẹ fi apá kan àgbàlá yín sílẹ̀ láìfi sìmẹ́ńtì bò ó, kó jìnnà sí ṣaláńgá, kí ẹ sì darí omi òrùlé síbẹ̀.