Káńsù pè wá sí ìpàdé ètò ìdàgbàsókè: kí ni ká ní kí wọ́n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a ń yan gàrí ní agbègbè Kájọlà, ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Káńsù ní àwọn fẹ́ kọ ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún mẹ́ta, kí àwa ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ wá sọ ohun tá a fẹ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká béèrè owó ìrànwọ́ tá a máa pín. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ló wà níkàáwọ́ káńsù gan-an?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ohun tí ọkàn yín sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣètò ìjọba ìbílẹ̀, mi ò rí owó pínpín tó pẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí òfin fà lé káńsù lọ́wọ́ ni kí ẹ dìrọ̀ mọ́.

Abala 7 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ojúṣe káńsù ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé agbègbè rẹ̀. Àfikún kẹrin ìwé náà wá ka iṣẹ́ wọn: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro, ọ̀nà, gọ́tà. Wọ́n tún ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Owó ìrànwọ́ tàbí ẹ̀yáwó fún oníṣòwò ò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà oko ni màá fi ṣíwájú tó bá jẹ́ èmi ni yín. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú lónìí, tó bá fi di ọ̀túnla, inú rẹ̀ á ti máa dú. Bí píkọ́ọ̀pù bá rì sẹ́rẹ̀ nídìí odò tí kò ní afárá, owó ẹ̀gẹ́ yẹn ti wọmi nìyẹn. Awakọ̀ tó bá sì gbà láti lọ, á bu owó lé e. Afárá kékeré kan nídìí irú odò bẹ́ẹ̀ á ṣe yín láǹfààní ju owó tí wọ́n pín fún ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, nǹkan bíi kìlómítà 65. Àmọ́ kí ni yóò gbé gàrí yín dé títì ọlọ́dà?

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún yín lè máa ti Ìwájọwà tàbí Ìtẹ̀síwájú wá. Bí Kájọlà bá tún ọ̀nà ṣe dé ààlà, tí wọn ò ṣe ti ọ̀hún, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ á dúró sí. Ẹ bẹ alága yín kó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ kọ ọ̀nà kan náà sínú ètò wọn fún ọdún kan náà.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló máa ń dùn mí jù. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ ìsọ̀ tuntun, wọ́n fi páànù tó ń dán bò ó, wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí i. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ewúrẹ́ ló ń sùn níwájú ìsọ̀, àgádágodo ti dípẹtà. Àwọn ìyá ọlọ́jà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n bu gàrí gegele sínú abọ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ kì í dúró lọ́hùn-ún, omi ò sí. Ta ni kí n máa tà fún?" Kò sẹ́ni tó bi wọ́n kí wọ́n tó yan ilẹ̀ yẹn, èmi náà ò sì bi wọ́n. Nítorí náà, bí wọ́n bá dárúkọ ọjà ní ìpàdé yín, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí lọ́rì ti máa já ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó kan ìsọ̀.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà lọ pẹ̀lú. Òfin owó orí àti owó òde ti ọdún 1998 ka irú owó tí káńsù lè gbà, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má dínà láti fi gba owó orí tàbí owó òde. Ẹ ní kí wọ́n lẹ iye owó mọ́ ojú pátákó lọ́jà.

Ó wá ku owó tí wọ́n máa fi ṣe é. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ìmúṣẹ rẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún yín lẹ́nu láti bi wọ́n pé: ọdún wo ni afárá wa máa wọ inú ìṣúná, èló sì ni?

Ojú ìwé kan péré ni kí ẹ kọ. Ẹ dárúkọ odò náà, ẹ kọ iye àpò gàrí tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ọjà kan. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ jókòó sídìí odò ka àwọn àpò náà. Ẹ tẹ ojú ìwé náà ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ káńsù sórí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì tún mú un padà lọ sí káńsù kí oṣù Kẹwàá tó parí, torí wọn kì í dúró di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó kó ìṣúná jọ.