Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà ló ń dí i létí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ní kámẹ́rà tí ẹ gbé sẹ́yìn àwọ̀n góòlù ń yà dáadáa nígbà tí ẹ dán an wò nílé, àmọ́ bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, tírígà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ fi ń pàṣẹ fún kámẹ́rà láti òkèèrè pé kó yàwòrán, kò dáhùn mọ́, àwòrán orí fóònù dúró gbagidi, ohùn máìkì sì ń já. Àwọn tó ti dá yín lóhùn ní kí ẹ lọ ra tírígà tó lágbára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Wàhálà yìí ti fojú mi rí màbo, ohun tí mo sì bá nídìí rẹ̀ ni pé agbára tírígà kọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí ẹ tò sórí kámẹ́rà kan náà ló ń dí ara wọn létí.

Ẹ wo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Tírígà, 2.4 GHz, ìyẹn ìwọ̀n ìgbì rédíò tó ń lò. Wi-Fi kámẹ́rà, 2.4 GHz. Máìkì aláìníwáyà, 2.4 GHz. Bluetooth orí fóònù, ibẹ̀ náà ni. Láti 2400 MHz dé 2483.5 MHz ni gbogbo wọn há mọ́. Wi-Fi kan ṣoṣo á gba bíi 20 MHz níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ní kí èèyàn lo ṣánẹ́ẹ̀lì (ojú ọ̀nà ìgbì) 1, 6 tàbí 11 kí wọ́n má baà gun ara wọn. Bluetooth mọ bó ṣe ń sá: ó ń fò kiri ní ìgbà 1600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè yẹra fún ibi tí Wi-Fi bá jókòó sí. Ọ̀pọ̀ tírígà kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ń dúró sí.

Síbẹ̀, bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe sún mọ́ra ló burú jù. Bí ìgbì rédíò bá rìn dé ìlọ́po méjì ọ̀nà tó ti rìn, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló máa kù. Ẹ wá rò ó: ẹ dúró ní 100 mítà, ẹ tẹ tírígà, Wi-Fi kámẹ́rà sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré sí ẹ̀rọ tó yẹ kó gbọ́ yín. Ká tiẹ̀ ní agbára méjèèjì dọ́gba níbi tí wọ́n ti gbéra, ti Wi-Fi á fi bí ìlọ́po mílíọ̀nù kan ju tiyín lọ nígbà tó bá débẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo sí i létí, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti òdìkejì pápá. Kódà bí ẹ bá yí ṣánẹ́ẹ̀lì padà, ariwo tó sún mọ́ tó yẹn ṣì lè bò yín mọ́lẹ̀. Nílé, ẹ wà nítòsí, kò sì sí èrò. Ní pápá, fóònù àwọn èrò ìwòran ń wá Wi-Fi, omi tó wà lára èèyàn náà sì ń fa ìgbì 2.4 GHz mu.

Èmi mọ̀ ọ́n lára kámẹ́rà kan tí mo so ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán HDMI lọ láìlo wáyà mọ́. Mo pa gbogbo ẹ̀rọ, tírígà ń dáhùn. Mo tan Wi-Fi, ó ṣì ń dáhùn. Mo tan ẹ̀rọ HDMI, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo wá fi wáyà gígùn gbé etí tírígà yẹn, ìyẹn apá tó ń gba àṣẹ, kúrò lórí kámẹ́rà, mo so ó mọ́ igi kan ní nǹkan bíi mítà kan sí i, àńténà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn. Tírígà kan náà, bátìrì kan náà.

Wáyà USB 3.0, èyí tí wọ́n fi ń kó fáìlì lọ kíákíá, náà wà níbẹ̀ o. Ariwo tó ń tú jáde máa ń wọ inú 2.4 GHz, Intel tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà fúnra wọn kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 2012. Bí ẹ bá so àpótí ìpamọ́ kan mọ́ kọ̀ǹpútà nítòsí tírígà, ẹ gbé e jìnnà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Bí ẹ kò bá nílò Wi-Fi kámẹ́rà lásìkò eré, ẹ pa á. Ẹ to fókọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá nílò rẹ̀, tí kámẹ́rà yín sì gbà á, ẹ gbé e sí 5 GHz, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ṣánẹ́ẹ̀lì 52 sí 144: wọ́n ń bá rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè) pín in ni, bí ẹ̀rọ bá sì gbọ́ rédà, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, àwòrán á sì lọ lójijì. Ẹ má so àńténà mọ́ òpó irin góòlù. Tírígà tó ń lo 433 MHz ní Yúróòpù tàbí 344 MHz ní Amẹ́ríkà kò sí nínú ìjà 2.4 GHz yìí rárá, àmọ́ ẹ má gbé ti ìhín lọ sí ọ̀hún, torí òfin wọn yàtọ̀. Bí wáyà bá lè dé ibi tí ẹ jókòó sí, wáyà ni kí ẹ lò. Èmi kì í bá rédíò du ibi tí wáyà bá lè dé.

Ẹ wá dán an wò ní pápá gan-an lẹ́yìn tí èrò bá ti wọlé, kí ẹ máa tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ sì máa tẹ tírígà láàárín. Èyí tí ẹ bá tàn tí tírígà fi dákẹ́ ni kí ẹ kọ síbí fún mi, pẹ̀lú ṣánẹ́ẹ̀lì tí Wi-Fi yín wà àti bó ṣe jìnnà sí tírígà tó.