Ṣé dandan ni kí ẹni tó ń ṣe sìkírì (ìrántí Ọlọ́hun) fojú rí ìmọ́lẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù àláékúmù, Àáfà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gba wírìdì, ìyẹn sìkírì tí wọ́n yàn fúnni láti máa ṣe lójoojúmọ́, n kò sì fi í ṣeré láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn kan nínú wa máa ń ní àwọn ń rí ìmọ́lẹ̀ nídìí sìkírì, ṣùgbọ́n èmi kò rí nǹkan kan rí. Ṣé ọkàn mi ló dọ̀tí ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wà aláékúmù sàlámù, arákùnrin wa. Rárá o, àìrí yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn yín dọ̀tí, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ fi wírìdì sílẹ̀. Nígbà tí Abu Dharr, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá ó rí Olúwa rẹ̀, èsì tó fún un, gẹ́gẹ́ bí Imam Muslim, tó kó hádíìsì jọ, ṣe gbà á wá, ni pé ìmọ́lẹ̀ ni, báwo ni òun yóò ṣe rí I? Bí Ànábì pàápàá bá lè sọ báyìí, àìrí yín kò yẹ kó já yín láyà.

Àáyà 35 nínú Súrátù Núúrì ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́hun sọ níbẹ̀ pé Òun ni Ìmọ́lẹ̀ àwọn sánmọ̀ àti ilẹ̀, Ó sì fi ṣe àkàwé àtùpà tó wà nínú gíláàsì, tí gíláàsì náà wà nínú ihò ara ògiri, tí epo ólífì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tàn kí iná tó kàn án. Imam al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, ṣàlàyé àáyà yìí nínú ìwé rẹ̀, Mishkat al-Anwar. Ó ní ihò náà ni agbára tí a fi ń rí tí a sì fi ń gbọ́, gíláàsì ni agbára tí ọkàn fi ń tọ́jú àwòrán ohun tí a ti rí, àtùpà ni làákàyè, igi ólífì ni ìrònú tó ń yọ ẹ̀ka, epo tí kò dúró de iná sì ni ti àwọn ànábì àti díẹ̀ nínú àwọn wálíyyù, àwọn àyànfẹ́ Ọlọ́hun. Ẹ ò rí i pé ohun tí ènìyàn fi ń mọ òtítọ́ ló ń pè ní ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ohun tó ń tàn yanran lójú.

N kò sọ pé irọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń pa. Najm al-Din Kubra, ọ̀gá àwọn súùfí (Mùsùlùmí tó ń wá ìsúnmọ́ Ọlọ́hun nípa sìkírì) ní ilẹ̀ Khwarazm ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, kọ̀wé nípa oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí olùsìkírì lè rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń tàn kọ́ ló ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun wá. Ìtàn kan gbajúmọ̀ láàárín àwọn Kádíríyyà, ẹgbẹ́ súùfí, nípa Sheikh Abd al-Qadir al-Jilani tí wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó kú ní Bàgídáádì ní 1166, pé ìmọ́lẹ̀ ńlá kan bo ojú sánmọ̀, ohùn sì ti inú rẹ̀ wá pé, “Èmi ni Olúwa rẹ, mo ti sọ àwọn ohun èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ fún ọ.” Sheikh lé e dànù bí ẹni ń lé Ṣàítánì, ìmọ́lẹ̀ náà sì di òkùnkùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bó ṣe mọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tó sọ nípa èèwọ̀ ló tú u fó.

Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Ibn Abbas, ọmọ àbúrò bàbá Ànábì, sùn ní ilé àǹtí rẹ̀ Maymuna, ìyàwó Ànábì, ó sì gbọ́ tí Ànábì ń tọrọ ìmọ́lẹ̀ sínú ọkàn rẹ̀, sí ojú rẹ̀, sí etí rẹ̀, sí ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ́ àdúà náà, kí ẹ máa ṣe é bí ẹ bá ń lọ kírun Súbùhì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ẹ̀yà ara tí ẹ dárúkọ: bóyá etí yín ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, bóyá ojú yín ti ń sá fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín. Bí ohunkóhun bá sì hàn sí yín lọ́jọ́ kan, múkàdámù, aṣáájú tó fún yín ní wírìdì, nìkan ni kí ẹ sọ fún.