Wọn ò ya fíìmù Harry Potter nínú gbọ̀ngàn Christ Church ní Oxford

Ìbéèrè: Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá sọ́dọ̀ wa ní London lóṣù keje. Arákùnrin kan ní òun máa gba 80 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láti mú wa wọ Yunifásítì Oxford, kí àwọn ọmọ rí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ya fíìmù Harry Potter, kí Màmá sì gbàdúrà nínú kàtídírà ibẹ̀. Ṣé owó yẹn ò ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ ná, ká wo ohun tó ń tà fún yín. Yunifásítì Oxford kì í ṣe ọgbà kan tó ní géètì bíi ti UI. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lé ní 30 ló wà níbẹ̀, kálukú ló sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Èyí tó ní kàtídírà nínú ni Christ Church, ẹnikẹ́ni ló sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí ìkànnì wọn.

Ọ̀rọ̀ fíìmù yìí ti sú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò káàkiri Oxford, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í bi mí. Wọn ò ya á nínú gbọ̀ngàn yẹn! Àwọn tó ṣe fíìmù náà wo gbọ̀ngàn ìjẹun Christ Church, ó wù wọ́n, wọ́n wá lọ kọ́ èyí tó jọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Leavesden, nítòsí Watford. Ibẹ̀ ni àwọn òṣèré ti jókòó jẹun. Ohun tí wọ́n yà ní Christ Church gan-an ni àtẹ̀gùn òkúta tó gba ibẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn: orí rẹ̀ ni McGonagall, olùkọ́ inú ìtàn náà, ti pàdé àwọn ọmọ tuntun nínú fíìmù àkọ́kọ́, ti 2001. Nínú gbọ̀ngàn gan-an, kò sí àbẹ́là tó ń léfòó lókè bíi ti fíìmù, pákó ni àjà rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé.

Èyí tó jẹ́ ti ibẹ̀ lóòótọ́ ni ìtàn Alice. Charles Dodgson, tí ayé mọ̀ sí Lewis Carroll, tó kọ ìwé Alice in Wonderland, kọ́ni ní ìṣirò níbẹ̀. Alice tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ inú ìtàn náà sì ni ọmọ Henry Liddell tó jẹ́ Dean, ìyẹn olórí Christ Church, nígbà náà. Kí àwọn ọmọ wá Alice nínú gíláàsì fèrèsé gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì wo àwọn ère idẹ ọlọ́rùn gígùn níbi ìdáná. Wọ́n ní ara wọn ni Dodgson ti rí ọrùn Alice tó ń gùn nínú ìtàn. Wọ́n ní ni o, n ò búra sí i.

Ní ti Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀ nítorí àdúrà. Ọ̀fẹ́ ni ìsìn ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́fà ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà pé ìsìn lẹ wá ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wòran ló ń sanwó. Kàtídírà náà kò tóbi bí Màmá ṣe máa rò: ní 1525, Kádínà Wolsey bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ níbẹ̀, ó sì wó apá kan ṣọ́ọ̀ṣì Frideswide Mímọ́ tó ti wà níbẹ̀ kó lè ráyè fún àgbàlá rẹ̀. Ọba Henry Kẹjọ lé e kúrò nípò ní 1529. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ọba yìí sọ di kàtídírà àti ṣọ́ọ̀ṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì pa pọ̀ ní 1546, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Dean kan náà ló ń darí méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún Màmá pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, irọ́ ni. Canterbury ni, ní 1864. Oyè dókítà ni Oxford fún un lọ́dún náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń jẹun nínú gbọ̀ngàn, nítorí náà wọ́n lè tì í lọ́sàn-án, ayẹyẹ sì lè ti kàtídírà pa. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ; èmi ò lè ṣe onídùúró fún wọn. Bí orúnkún bá ń dun Màmá, ẹ béèrè nípa àtẹ̀gùn yẹn ṣáájú.

Kí arákùnrin yẹn fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, kó sì kọ ohun tí 80 pọ́n-ùn náà wà fún sílẹ̀. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington, ẹ máa lọ fúnra yín.