Lílu etí nílé: ohun tí ojú mi rí ní Nyanya

Sister tó béèrè ọ̀rọ̀ etí ọmọ wọn, ẹ kú ilé o. Mo rí i pé ẹ ní ọmọ ọdún 14 ni, ó fẹ́ dá ihò kejì sí etí méjèèjì, kó tún wá dá ọ̀kan sí òkè etí níbi tó le yẹn, ó ti wo bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti omi dídì ṣe é lórí TikTok, owó tí wọ́n pè fún yín ní sálúùnù sì pọ̀ jù, ẹ wá ní ṣé kí ẹ kúkú ṣe é fún un nílé ní Lugbe, Abuja níbẹ̀, pé ṣebí nígbà tó wà ní jòjòló tí màmá yín lu etí rẹ̀ kò ṣe nǹkankan. Ẹ má bínú tí ìdáhùn mi bá gùn, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni.

Òkè etí, ẹ má dán an wò nílé, ì báà jẹ́ ta ló fẹ́ bá yín ṣe é. Ti ìsàlẹ̀ etí tó rọ̀, ìyẹn ṣì ṣeé ṣe lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ kí ẹ tó máa wá ẹni tó máa di abẹ́rẹ́ mú, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú awọ ara tí wọ́n ní nínú ìdílé yín àti ìdílé bàbá ọmọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Nyanya, ní Abuja níbí náà, ni mo dàgbà sí, ilé fésì-mi-àí-fésì-yú, Yorùbá, Hausa, Tiv, Gbagyi, gbogbo wa la jọ ń lo kànga kan. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú kọ́ḿpáùndì tó máa ń lu etí fún gbogbo àwa ọmọbìnrin, kì í gbowó. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló ń lò, á fi iná àbẹ́là jó orí rẹ̀ títí á fi dúdú, á fi omi dídì tó fọ́ látinú píọ̀wọ́tà di etí èèyàn mú títí etí á fi kú tipiri, á gún un lẹ́ẹ̀kan náà, á fa òwú gbà á kọjá, á so ó, ó parí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ ò ní gbọ́ igbe. Torí pé kì í dunni ni gbogbo wa ṣe gbà pé kò léwu, títí kan àwọn ìyá wa. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tó dá ihò kejì sí ìsàlẹ̀ etí mi méjèèjì, tó sì dá ọ̀kan sí òkè etí òsì.

Òkè yẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń gbóná, ó pọ́n, ó wú débi pé etí náà yọ síta kúrò lára orí mi, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn rárá. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó ń ka èyí fi sọ́kàn: ìsàlẹ̀ etí yẹn ò wú, bó ṣe wà ló wà, òkè nìkan ló ń wú. Àmì rẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ nílé wa. Kẹ́mísìtì tó wà ní ẹ̀bá títì fún wa ní ampiclox, ó ní ká tún já kápúsù tetracycline ká da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀yin náà mọ kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn. Mo lò ó tán, ṣe ló ń le sí i. Nígbà tí a máa fi dé hósípítù, ọyún ti kún inú etí, wọ́n là á, wọ́n sì gé lára ohun líle inú etí náà tó ti kú kúrò. Títí dòní yìí òkè etí òsì mi ká sínú, kò jọ ti ọ̀tún.

Dókítà tó tọ́jú mi fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ etí, ẹran rírọ̀ àti ọ̀rá ni, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa. Òkè etí ní cartilage nínú, ohun líle tó ń jẹ́ kí etí dúró nìyẹn, cartilage yìí ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó ló ti ń rí oúnjẹ jẹ. Tí kòkòrò bá ti wọ àárín àwọn méjèèjì, ọyún á ya awọ kúrò lára cartilage, oúnjẹ á já, á kú, etí á sì wó lulẹ̀. Oògùn téèyàn gbé mì náà á máa jìjàkadì kó tó débẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn rìn. Kòkòrò tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ìyọnu yìí ni wọ́n ń pè ní Pseudomonas, ibi tó bá ti lọ́rinrin tó lómi ló fẹ́ràn, ampiclox ò sì lè mú un rárá. Ciprofloxacin ni àwọn dókítà sábà máa ń lò fún un, mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè lọ rà á fúnra yín o, pàápàá fún ọmọdé, dókítà ló gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ orí àti ìwọ̀n rẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí oògùn kẹ́mísìtì fi lè jẹ́ kí àkókò bọ́ lọ́wọ́ yín ni.

Ẹ wá wo omi tiwa níbí. Nyanya o, Mararaba o, Lugbe o, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, ló ń ti omi wá fún wọn nínú jálákánì tí inú rẹ̀ ti ń yọ̀, a ó dà á sínú dọ́rọ́ọ̀mù, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, omi yẹn náà la fi ń fọ ojú egbò. Omi dídì náà ò sàn jù ú lọ, òtútù kì í pa kòkòrò, ó kàn ń mú kí ara kú ni. Iná àbẹ́là ńkọ́? Orí abẹ́rẹ́ nìkan ló gbóná, àárín rẹ̀ tí ọwọ́ dì mú ò gbóná, ó sì di dandan kí àárín yẹn gba inú etí kọjá kí òwú tó lè wọlé, èédú ara rẹ̀ náà á tún wà nínú ẹran. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́ ní hósípítù, ooru omi tó tó 121°C ni, á sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Kò sí ohun tó jọ ìyẹn ní kíṣìnnì wa. Spírítì pàápàá, ó dáa láti fi nu ara, àmọ́ kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tó ń ti àgbọ̀n pa, lè fara pamọ́ ní ipò kan tí spírítì ò ní ràn án.

Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù jù nígbà tí mo bá rántí ni pé abẹ́rẹ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n yẹn ń lò fún gbogbo wa. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù HIV, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tètè ń ràn ju HIV lọ jìnnà, ó lè wà láàyè lára abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí gan-an tó láti kó o ranni o. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bí wọn, ọ̀pọ̀ àwa àgbà ò gbà á. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Torí náà tí ọmọ yín àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ jọ lo abẹ́rẹ́ kan, ẹ má gbà fún wọn.

Ó ku ti etí ọ̀tún, ìyẹn ló sì pẹ́ jù lára mi. Ihò tó wà níbẹ̀ ò ṣọyún, ó jinná dáadáa, mo ti ń fi yẹtí sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, nǹkan kékeré kan le lẹ́yìn etí, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tó kóro àgbálùmọ̀, ó sì ń dán. Kílọ́ìdì ni, àpá tó máa ń wú kọjá ojú egbò. Àwọn kan ní ayé ni, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀, ẹnì kan ní ká fi òwú so ó títí á fi já, ìyá kan sọ pé òun á fi bíléèdì gé e. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gé e fún mi, wọn ò sì fi ìtọ́jú kankan tì í, ó padà wá, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń tún awọ ṣe ni mo tó gbọ́ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí wọ́n bá kàn gé e lásán. Abẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ triamcinolone ni wọ́n ń gún sínú rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 máa wà láàárín, ó dun mí ju ohunkóhun tí wọ́n tíì ṣe sí mi lára lọ, owó náà ò kéré. Ó ti pẹlẹbẹ báyìí, àmọ́ mi ò gbàgbé.

Dókítà yẹn béèrè lọ́wọ́ màmá mi bóyá ẹnì kan ní irú àpá bẹ́ẹ̀ nílé. Màmá ní rárá, wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ní àfi èyí tó wà ní àyà àwọn látìgbà tí àwọn ṣe ṣìnkìn-páàsì, àti ti èjìká ìyá àwọn. Kò sí ẹni tó so wọ́n pọ̀ rí! Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wádìí nìyẹn sister. Ẹ wo àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG ní apá òsì ọmọ náà, ṣé ó pẹlẹbẹ àbí ó wú kọjá ojú ibi tí wọ́n gún? Ẹ wo àyà, èjìká, ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun, ẹ wo àpá iṣẹ́ abẹ lára ẹ̀yin fúnra yín. Tí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé ihò kan tó. Bó ti wù kí abẹ́rẹ́ mọ́ tó, awọ tó máa ń ṣe kílọ́ìdì ṣì lè ṣe é.

Ti pé etí rẹ̀ ò ṣe nǹkankan nígbà tó wà ní jòjòló, ìyẹn ò fi ọkàn ẹni balẹ̀. Kílọ́ìdì wọ́pọ̀ jù láàárín ọdún 10 sí 30, ẹni tí wọ́n lu etí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 11 sì wà nínú ewu rẹ̀ ju ẹni tí wọ́n lu tiẹ̀ kó tó pé bẹ́ẹ̀ lọ. Etí tèmi náà ò ṣe nǹkankan nígbà tí wọ́n lu ú lọ́mọ ọwọ́.

Tó bá jẹ́ pé ara ìdílé dáa tí ẹ sì fẹ́ ṣe ìsàlẹ̀ etí, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, owó wọn lè má tó ti sálúùnù. Kó fọwọ́, kó wọ gílọ́ọ̀fù, kó tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín. Owó gọbọi ò sọ pé ibẹ̀ mọ́ o: ìbọn oníròbá tí àwọn kan fi ń lu etí, inú ẹ̀rọ gbígbóná hósípítù ló máa yọ́, nínù ni wọ́n kàn ń nù ún láàárín oníbàárà kan sí èkejì, tí wọ́n bá sì yìn ín sí òkè etí, ṣe ló ń fọ́ cartilage. Ẹ ra yẹtí titanium tàbí gold gidi, àwọn olówó pọ́ọ́kú inú ọjà máa ń ní nickel, òun ló ń mú kí etí máa yún kó máa ṣomi. Kí ọrùn yẹtí gùn díẹ̀, torí etí á wú, èyí tó bá fún mọ́ ọn jù lè rì sínú ẹran. Tí ọmọ bá jẹ́ SS, tó ní ṣúgà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi iyọ̀ ni, normal saline tí wọ́n ń tà ní fámásì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí kò bá sí, ẹ se omi, ẹ fi ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀ sí kọ́ọ̀pù kan, kó tutù. Kò sí àdí, kò sí òrí, kò sí Robb, kò sí igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ihò, ilẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ń gbé. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ìsàlẹ̀ etí fi ń jinná, òkè lè tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Tó bá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, eruku Abuja yìí kì í ṣeré, kó máa bo orí tó bá ń jáde, àmọ́ kí ìborùn tàbí hijab má fún mọ́ etí, ó máa ń kọ́ yẹtí fà.

Tí ọmọ náà bá wá lọ dá a lu fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lù ú, á kàn máa fi etí pa mọ́ fún yín ni. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló pọ́n díẹ̀, omi iyọ̀, kí yẹtí wà níbẹ̀ kí ọyún lè rí ọ̀nà jáde, tí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ lọ hósípítù. Tó bá jẹ́ òkè ló gbóná, tó wú, tó ń dùn ún, tí ìsàlẹ̀ sì wà bó ṣe wà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má yà sí kẹ́mísìtì, ẹ má dúró de Monday. Ẹ sọ fún dókítà pé òkè etí ni, pé abẹ́rẹ́ ilé ni wọ́n fi lu ú, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n lu ú àti gbogbo oògùn tó ti lò sí i.